Ẹni Tó Wọ Mọ́tò Wá Ra Òkú Ògòǹgò

Inú mi kò tíì rọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ó ti pẹ́, pé òyìnbó ti lọ sílé, pé orí mi ti funfun bí òwú. Irun ló ń hewú, ìbínú kì í hewú. Bí mo bá rántí Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ, aṣojú kọ́ńpìnnì Rédíò Ológòǹgò, itọ́ ẹnu mi a korò, mo sì ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Sítáńdáàdì Tú ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Títún rédíò ṣe ni mo fi jẹun ní Ìlá, lábẹ́ Ọ̀gá mi, Bàbá Ìbídùn, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọjà. Nígbà tí mò ń wí yìí, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, iná ìjọba kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bátìrì tó tóbi bí ìrọ̀rí ọmọdé ló ń gbé rédíò sọ̀rọ̀. Àwọn ìgò kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní fáàfù. Bí ọ̀kan bá kú nínú wọn, rédíò yadi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ èyí tó kú, kí n yọ ọ́, kí n sì fi òjé jó wáyà tó bá já.

Mo mọ iṣẹ́ náà. Mo tún rédíò kan ṣe rí ní Ìrésì, ohùn rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ajá onílé fi dìde gbó oníròyìn. Oníròyìn náà dákẹ́, ó dúró kí ajá parí tirẹ̀, kó tó máa bá ìròyìn lọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ajá náà.

Rédíò tó ní àwòrán ògòǹgò níwájú là ń tà. Ọjà dídára ni, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì bí ẹni tí ìyàn mú. Àwọn oníbàárà a máa sá bátìrì sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, kó lè tún lágbára díẹ̀. Obìnrin kan ní Ire gbé tirẹ̀ sórí àjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tó ń yan. Ó wá fẹjọ́ sùn pé láti ọjọ́ náà ni ìròyìn ti ń rùn. Ìgbà tí rédíò mìíràn tó ní àwòrán erin dé, tí kò wọ́n, tí kì í sì í jẹun púpọ̀, àwọn èèyàn yà sọ́dọ̀ erin. Eruku bo ògòǹgò wa lórí pẹpẹ.

Ṣáájú èyí, kọ́ńpìnnì ti ní kí àwa tí à ń bá òun tajà wá ra ṣíà. Ṣíà ni pé kí o fi owó sínú kọ́ńpìnnì, kí o di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín, kí wọ́n fún ọ ní ìwé tó ní òǹtẹ̀ pupa, kí o sì máa gba èrè lọ́dọọdún. Pọ́n-ùn kan, ìyẹn ogún ṣílè, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi fi owó obì tó ti oko bàbá wọn wá ra ọgbọ̀n, lẹ́yìn tí ẹbí fọwọ́ sí i. Èmi ra méjì. Lámídì télọ̀ ní Òkè-Ìlá, tó ń gbé rédíò wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tà, ra mẹ́fà. Gbogbo wa fi gíláàsì bo ìwé náà, a gbé e kọ́ sára ògiri nítòsí fọ́tò ìgbéyàwó.

Ọdún tí ọjà wá kú yẹn ni Ìbídùn, àkọ́bí Ọ̀gá, rí àyè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin. Èrè ṣíà ni bàbá rẹ̀ gbójú lé fún owó ilé-ìwé. Èrè kò wá. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ ló wá.

Mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ló gbé e wá láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé rédíò tirẹ̀ kalẹ̀ pé kí n bá òun wò ó, ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ilé òkú dé.

"Ọ̀gá, kọ́ńpìnnì ń kú lọ. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ẹ lè fi ìwé tí ẹ gbé kọ́ yẹn di àkàrà."

Ọ̀gá mi dìde, ó tún jókòó. "Owó ẹbí ni o!"

"Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi wá. Màá fún yín ní ṣílè márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfẹ́ tí mo ní sí yín ni."

Ọ̀gá ní òun kò lè dá a tà, òun ní láti pe ẹbí jọ. Èmi kò ní ẹbí tí mo fẹ́ pè. Ojú ẹsẹ̀ ni mo yọ tèmi kúrò lára ògiri, mo fọwọ́ síwèé, mo gba ṣílè mẹ́wàá. Bánjọ gbá mi léjìká, ó pè mí ní ọlọ́gbọ́n. Ó fún mi ní táyà kẹ̀kẹ́ tuntun kan, ó ní kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ bá òun sọ fún Lámídì.

Mo lọ! Mo gun òkè yẹn nínú oòrùn bí ẹni tí ọba rán níṣẹ́. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu Lámídì nígbà tí mo wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, kọ́ńpìnnì ti kú. Mo ti ta tèmi fún Bánjọ ní ṣílè márùn-ún márùn-ún."

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Wáláì?"

"Mo fi Bíbélì búra."

Ó wo ìwé tó wà lára ògiri, ó wò mí. "Ó dáa. Ìwọ lo mọ inú rédíò, Jóòbù. Èmi, abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀." Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fọwọ́ síwèé, ó gba ọgbọ̀n ṣílè tí Bánjọ fi rán mi, ó kó ìwé lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí Ọ̀gá pé sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ojú Bánjọ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó rí èèyàn bí ogún. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá ló jókòó sáàárín, Ìyá Eléwúrẹ́, tó máa ń ra ewúrẹ́ ní Ire àti Ìrésì wá sí Ìlá. Kò mọ̀wé, kò sì fẹ́ràn rédíò. Ó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ èsì, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

"Ọmọ mi, wọ́n ní nǹkan kan ń kú lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Kọ́ńpìnnì ni."

"Ó ti kú tán, àbí ó ṣì ń mí?"

"Ó kù díẹ̀, Mama."

"Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń ra ewúrẹ́. Bí ewúrẹ́ bá ń kú lọ, ẹni tó ni ín ló ń sáré wá ẹni tí yóò rà á. N kò rí i rí kí ẹni tó fẹ́ rà á wọ mọ́tò láti Ìbàdàn, kó wá máa làágùn."

Ẹ̀rín sọ. Bánjọ nu ojú. "Ìfẹ́ ni, Mama."

"O ṣeun. Ìwọ náà ní irú ìwé yìí?"

Ìgbéraga ló dáhùn fún un. "Ọgọ́rùn-ún, Mama!"

"Áà! Àwa náà fẹ́ràn rẹ, a kò fẹ́ kí o jìyà. Mú gbogbo ẹ̀ wá. N ó ta ewúrẹ́ mi, n ó rà á lọ́wọ́ rẹ ní ṣílè márùn-ún kan náà."

Bánjọ ní ìwé òun wà ní Ìbàdàn. Ìyá ní mọ́tò rẹ̀ ṣáà wà níta. Bánjọ ní òun á kọ́kọ́ lọ rò ó.

"Ewúrẹ́ tó ń kú lọ lo fẹ́ lọ rò? Bàbá Ìbídùn, gbé ìwé yín padà sára ògiri. Àwọn ewúrẹ́ mi ni yóò gbé ọmọ yìí lọ sílé-ìwé. Àwọn yẹn kò ṣàìsàn."

Èmi ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Táyà tuntun ti wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi. Mo sáré tẹ̀lé Bánjọ jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dá ìwé tèmi àti ti Lámídì padà!"

"Ṣé o fọwọ́ sí i, àbí o kò fọwọ́ sí i?"

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, eruku rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Àmọ́ ó gbàgbé rédíò rẹ̀. Mo tún un ṣe dáadáa kí awakọ̀ rẹ̀ tó wá gbé e. Mo tún un ṣe tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé Hausa nìkan ló ń sọ títí ó fi gbó. Bí ẹ̀ ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ bá mi kí i ní Hausa.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà dé: erin ti ra ògòǹgò, ó sì ń san pọ́n-ùn méjì lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Bánjọ ti mọ̀ kó tó gbéra nílé. Owó ẹbí Ọ̀gá di ìlọ́po méjì. Ìbídùn di tíṣà. Kì í ṣe ìwé méjì tèmi tó jẹ ló ń dùn mí tó báyìí. Olè ni, iṣẹ́ olè ló ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnu mi ló fi jẹ ti Lámídì. Ẹnu tèmi, tí mo fi ń pe fáàfù tó kú ní òkú, tí gbogbo Ìlá sì ń gbà á gbọ́!

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ fún un. Ó rán apá ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó gbójú sókè. Kò bú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tún rédíò rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo bá ti tú ẹ̀yìn rẹ̀, yóò pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Jóòbù, wò ó dáadáa o! Bí ó bá ń kú lọ, tètè wí, kí n tà á fún ọ!"

Ìgbà ìkẹyìn tí mo lọ, ojú rẹ̀ kò ríran fi abẹ́rẹ́ ṣe nǹkan mọ́. Mo pààrọ̀ fáàfù kan, mo jó wáyà kan, mo dì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti yè."

"Wáláì?"

N kò fi Bíbélì búra mọ́. Mo yí ohùn rédíò sókè, mo gbé e sún mọ́ etí rẹ̀, kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.