Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Ohùn Tíṣà Faransé Fi Lọ

Tíṣà Faransé ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kọ ẹ̀yìn, Agogo ni wọ́n ń pè é. Bó bá wà ní kíláàsì tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ní kí àwọn ọmọ tún gbólóhùn kan pè, díẹ̀ ló máa ń kù kí ẹni tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu géètì bá wọn pè é. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ náà, bákan náà ló sì ń ṣe é: òun á pè, wọ́n á gbè é, òun á kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ. Wọ́n ń yege ìdánwò. Àmọ́ bí àlejò bá fi Faransé kí wọn, ńṣe ni wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ nìkan ló mọ bí ìyẹn ṣe ń dùn ún tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì ni ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ó mu omi gbígbóná, ó lá oyin, kò gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó la ẹnu láti kí kíláàsì, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ohùn náà ò kú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kó má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kódà kó má sọ ti kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó jókòó sílé. Tíṣà kọ ọ́ sórí bébà pé kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ Faransé níbẹ̀, ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Ọ̀gá ka bébà náà, ó bi í léèrè bí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ọkọ rẹ̀ ló là á lọ́yẹ. Ó rí i bó ṣe jókòó ti oúnjẹ láìfọwọ́ kàn án, ó ní, "Ṣé o rí ṣọ́ọ̀bù mi? Èmi kì í dúró láàárín kí n máa pariwo. Ẹni tó ń gé aṣọ wà nídìí tábìlì tirẹ̀, ẹni tó ń rán wà nídìí ẹ̀rọ, ẹni tó ń lọ̀ ọ́ wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Gbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún wọn, kí ìwọ máa wò wọ́n."

Ní Sátidé, àwọn méjèèjì tú ìlà tábìlì inú kíláàsì tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, wọ́n kó wọn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbé rédíò olókásẹ́ẹ̀tì sí, pẹ̀lú àwòrán tí àwọn ọmọ yóò máa tò bí wọ́n bá ṣe ń gbọ́ ìtàn. Nígun kejì, àgékù aṣọ, bọ́tìnnì àti téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ: ẹnìkan á ṣe télọ̀, ẹnìkan á ṣe oníbàárà. Nígun kẹta, páálí bàtà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi to gbólóhùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ǹṣì, ó di ilé ìwòsàn. Bí tíṣà bá ti mi agogo kékeré tó mú lọ́wọ́, oníkálukú á sún sí igun tó kàn. Àwọn ọmọ ló sọ àwọn igun náà ní ibùdókọ̀.

Ọjọ́ kìíní dà bí ọjà. Èdè ilé wọn ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń já bọ́tìnnì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tíṣà ò sì lè jágbe. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ òfin kan sára ògiri pé ohun tí oníbàárà bá fi Faransé béèrè nìkan ni télọ̀ gbọ́dọ̀ fún un. Ọmọkùnrin kan tó ń wá aṣọ pupa, àmọ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Faransé, ru aṣọ aláwọ̀ ewé lọ síbi oúnjẹ ọ̀sán. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn ti mọ orúkọ àwọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìgbín. Ọdún méjì gbáko, kò la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì náà rí. Agogo ti sọ fún un títí pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́, pàbó ló já sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan Ìgbín láti ṣe dókítà. Nígbà tí aláìsàn tán lórí bẹ́ǹṣì, ó wò yíká, ó sì rìn tààrà lọ síbi tí tíṣà jókòó sí. Ó fi ìka méjì kan ọ̀fun ìyá náà. Ó sì fi Faransé sọ, díẹ̀díẹ̀, láìkọsẹ̀:

"Ohùn yín ti lọ. Níbo ló lọ? Àwa ń dúró dè é."

Orí Agogo wú. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò mọ ibi tí ọmọ náà ti rí i: òmíràn láti ara pátákó, òmíràn lẹ́nu rédíò, òmíràn lórí páálí bàtà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Kò sí nínú ìwé kankan. Ọmọ náà ló dá a láti inú ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn kó bíríkì jọ fún ọdún gbọọrọ, tó wá bá ẹni tó ti fi í kọ́lé, tó ń yọjú lójú fèrèsé. Omi ló ń bọ́ lójú tíṣà.

Ìgbín mi orí bí àgbà dókítà. Ó ka bọ́tìnnì mẹ́ta sí i lọ́wọ́, ó sì fi Faransé ṣàlàyé pé kó lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ló bá lọ pe aláìsàn tó kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá náà kọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nù ún.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ohùn padà, ṣùgbọ́n ó ti rẹlẹ̀. Ọ̀gá wá sẹ́nu ọ̀nà láti béèrè ìgbà tí tábìlì yóò padà sórí ìlà. Ariwo Faransé ń jáde láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òmíràn tọ̀nà, òmíràn wọ́. Tíṣà ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, sà." Ọ̀gá rọra fa ilẹ̀kùn padé. Ìyá náà wo àwọn ọmọ náà, kò rí ẹni tó nílò òun lásìkò yẹn, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó, ó sì ń gbọ́.