Ọ̀bẹ Tí Ọwọ́ Kan Lè Ṣí

Ọ̀bẹ àpò ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Rọra ń ṣe, irú èyí tí a ń tẹ bọ́tìnì lára èèkù rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó fò síta. Sípíríǹgì kékeré inú rẹ̀ ló ń tì í jáde. Ìdènà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì náà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tì sẹ́yìn, kí ọ̀bẹ má baà ṣí sínú àpò ẹni. Bí oníbàárà bá fipá tẹ̀ ẹ́, bàbá á ké: "Rọra! Ọ̀bẹ ni, kì í ṣe agogo ẹnu ọ̀nà."

Igi ni ìyàwó rẹ̀ ń gùn jẹun. Òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń gé ẹ̀ka tó bá fẹ́ wó lu òrùlé. Ọwọ́ kan á di igi mú, ọwọ́ kan ló kù fún iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi ṣe ọ̀bẹ bọ́tìnì fún un. Ẹ̀rù ń bà á kí ó má lọ ṣí gún ìyàwó rẹ̀, ló bá mú ìdènà rẹ̀ le bí òkúta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà wọlé tewé-tewé lórí, ó gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Baálé mi, ẹ gba nǹkan yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Okùn lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lókè. Mo ti ìdènà yín títí, kò mira. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ló gùn wá gé okùn náà. Mo rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá!" Ó fa ọ̀bẹ mìíràn yọ. "Mo ti ra èyí. Òun ni mo máa mú lọ lọ́la. Kò ní ìdènà rárá."

Ọkọ rẹ̀ wo ọ̀bẹ náà. Ó mọ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣí mọ́ lápò ti fi àpá itan wọn hàn án.

"Kò sóhun tó ṣe tèmi," ló ní. Ó ti ìdènà ọ̀bẹ tirẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ó ṣí wàì.

"Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ mi. Ọwọ́ òsì ni o. Ẹ fi ọ̀tún di ilẹ̀kùn mú, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè."

Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí nínú ìbọ̀wọ́. Ó tì, ó tún tì, òógùn bò ó.

"Ẹ rọra, ọ̀gá! Ọ̀bẹ ni!" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọkọ kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ gbogbo ló ń jókòó ti tábìlì dán ọ̀bẹ wò, ọwọ́ ọ̀tún, láìwọ ìbọ̀wọ́. Ta ló ń jókòó lórí igi?

Kò dúró jẹun. Ó gbé ìdènà sí ìhà tí àtàǹpàkò òsì lè dé, ó mú un fẹ̀, ó fi fáìlì irin ha á kó má baà yọ̀. Ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó fi ọ̀bẹ náà sápò, ó sì ń fò sókè káàkiri yàrá, àgbà bíi tirẹ̀! Kò ṣí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tì í, ó tẹ bọ́tìnì. Ó ṣí.

Láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sápò. Ó na ọ̀bẹ tó rà sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ tú ìyẹn, kí ẹ yọ sípíríǹgì rẹ̀. Ẹ sì máa bọ̀, ẹ wá wo ibi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ọ̀bẹ fún."

Bàbá tẹ̀ lé e. Ó dúró nísàlẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Okùn kan há mọ́ ẹ̀ka lókè. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wo àpò rẹ̀ tó fi fa ọ̀bẹ yọ, ó ṣí i, ó gé okùn, ó tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ mọ́ itan, ó pa á dé, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ kúrò lábẹ́ ibẹ̀ jàre, ẹ̀ka ń bọ̀!"