Ẹ̀gbà Ọrùn Tí Euphrasie Kò Fi Sọ́rùn

Bí ènìyàn bá ń wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ní Kpingni, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà, ilé Euphrasie ni kó yà. Yóò ta iṣu fún ọ, yóò sì fi ọ̀rọ̀ gún ọ lé e, síbẹ̀ wàá tún padà wá ní ọjọ́ ọjà mìíràn, torí iṣu rẹ̀ dára. Ohun kan ṣoṣo ni kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ: ẹ̀gbà ọrùn fàdákà tí Ẹ̀ta, ìyá ọkọ rẹ̀, fún un nígbà ìgbéyàwó.

Claudine, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gba tuntun dídán láti Kútọnu. Ti Euphrasie ti gbó, ó sì dúdú. "Wọ́n fún ìyàálé ní tuntun, wọ́n fún èmi ní àlòkù," ló sọ. Ó dì í sínú aṣọ, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Kò fi í sọ́rùn rí, kódà ní àjọ̀dún Màríà ní Àrígbó, nígbà tí gbogbo obìnrin ń kó ọ̀ṣọ́ jáde.

Nígbà tí Ẹ̀ta kú, Euphrasie tún fi ẹnu ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Nínú agbolé wọn, fàdákà tí obìnrin bá wọ̀ wọlé ọkọ ni wọ́n fi ń sin ín. Ta ni kò mọ ẹ̀gbà ọwọ́ Ẹ̀ta, méjèèjì tó máa ń wọ̀ lọ sí mísà tẹ́lẹ̀? Àwọn obìnrin tú àpótí rẹ̀ wò, wọn kò rí i. Ni Euphrasie bá ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́. Ó ti tà á jẹ." Claudine wò ó díẹ̀, ó sì tẹ ojú mọ́ aṣọ tó ń wọ̀ fún òkú. Wọ́n sin Ẹ̀ta lọ́wọ́ òfìfo.

Lọ́dún yìí, Juvénal, ọmọ Euphrasie, fẹ́ gbé Léa níyàwó, ìyá ọkọ sì gbọ́dọ̀ fún ìyàwó ní fàdákà. Euphrasie rántí ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ẹ̀rù sì bà á. Ojú tí òun fi wo ẹ̀gbà náà, kí ọmọ ọlọ́mọ má lọ fi ojú kan náà wò ó. Ó gbé e lọ sí ọjà Dassa, sọ́dọ̀ Ràsáàkì, alágbẹ̀dẹ fàdákà tó jogún ìsọ̀ bàbá rẹ̀.

"Ràsáàkì, má tàn mí. Ṣé fàdákà ni àbí tánganran?"

Ràsáàkì fi awò sójú. Okùn fàdákà tín-ín-rín méjì-méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ká bí ọ̀mùnú elégédé.

"Fàdákà gidi ni, Màmá. Okùn rẹ̀ kò dọ́gba, ọwọ́ ni wọ́n fi fà á. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, irú iṣẹ́ yìí, àwọn alágbẹ̀dẹ Àgùdà ní Àjàṣẹ́ ló ń ṣe é, kí wọ́n tó bí yín."

Inú Euphrasie dùn, ó nawọ́ láti gbà á. Ràsáàkì kò tíì fi í sílẹ̀.

"Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀gbà ọrùn ni wọ́n ṣe nígbà náà. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ègé kọ̀ọ̀kan tẹ̀, bí ohun tó ti yí ọrùn ọwọ́ ká rí. Ẹ̀gbẹ́ kan sì ti jẹ, níbi tó ti ń ha ọlọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ méjì ni wọ́n gé, tí wọ́n tún so pọ̀. Bàbá mi ló so ó. Òun ló máa ń fi ẹyọ róbótó kan bo ibi tí iná bá ti kàn, kí ojú má baà rí àpá."

Euphrasie jókòó láìsí ẹni tó ní kó jókòó. Ọdún tí Claudine wọlé, òwú ṣe dáadáa. Ọdún tí wọ́n gbé òun wọlé, òjò kọ̀, òwú kò yọ. Kí ni Ẹ̀ta ìbá fún un, bí kò ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

"Ṣé o lè sọ ọ́ di ẹ̀gbà ọwọ́ padà?"

"Fún ta ni, Màmá?"

Euphrasie fi ìka tọ́ ẹyọ róbótó náà wò.

"Ó ti fẹ́lẹ́ jù," Ràsáàkì ní. "Bí iná bá tún kàn án, yóò yọ́ ni."

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Euphrasie fi ẹ̀gbà náà sọ́rùn, ó gun alùpùpù padà sílé, ó sì lọ tààrà bá Claudine níbi tó ti ń pa ẹ̀pà.

"Ìyàálé mi, Ìyá kò ta ẹ̀gbà ọwọ́ wọn jẹ. Òun rèé lọ́rùn mi."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ìsọ̀."

"Ẹ mọ̀! Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lórí òkú, ẹ sì dákẹ́?"

"Wọ́n mú mi búra ni. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gba ọpẹ́ tipátipá. Wọ́n ní ọjọ́ tí o bá fi í sọ́rùn, ìwọ fúnra rẹ wàá béèrè ibi tó ti wá, àwọn yóò sì sọ fún ọ." Claudine gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ọrùn rẹ, kí a tó jáde lọ sí mísà."

Euphrasie ẹlẹ́nu mímú sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Ọjọ́ tí Léa wọlé, Euphrasie kò dúró kí ìyàwó béèrè. Níwájú gbogbo obìnrin agbolé, ó sọ ibi tí fàdákà náà ti wá, ó sì sọ ohun tí ẹnu òun ti sọ lórí òkú ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ló tó fi í sí Léa lọ́rùn.