Nígbà Tí Ọmọ Mi Kò Lè Sọ Ọ́ fún Àǹtí

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí wa ní àdúgbò Kpata nígbà yẹn. Ìyá Nupe kan tó ń yan ẹja lágbàálá wa ti máa ń fẹ́ná kí n tó wẹ ọmọbìnrin mi tán. Èéfín náà á bá wa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, á sì bá mi dé ọ́fíìsì.

Ó ku díẹ̀ kí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi tó ń bá mi mójú tó o ti padà sí oko wọn lágbègbè Ọ̀wọ́rọ̀, torí òjò ti dé. Ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé ọ́fíìsì ìjọba kì í ṣe ibi ìtọ́mọ. Mo bá mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kan nísàlẹ̀ òkè Patti. Ọmọ tó mọ A, B, D, tó lè ka ení dé ogún, kí ló tún kù?

Kò sunkún rárá. Ìyẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Bí a bá ti délé, kò ní tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí yóò fi sáré lọ sẹ́yìnkùlé, tí yóò tọ̀, tọ̀, tọ̀. N kò fura. Lọ́sẹ̀ kejì ni ara rẹ̀ gbóná, tó ń ké pé ìtọ̀ ń ta òun. Nọ́ọ̀sì ní ó ti ń pa ìtọ̀ mọ́ra láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Mo bi ọmọ náà pé, "Ṣé àǹtí tó ń kọ́ yín ò jẹ́ kó o lọ ni?"

Ó mi orí. "Mi ò sọ fún wọn."

Ara rẹ̀ yá tán, mo fi ìbínú gba ilé-ìwé náà lọ. Àǹtí rẹ̀, obìnrin Ẹ̀bìrà kan tó dàgbà jù mí lọ, fi mí lọ́kàn balẹ̀. "Mo máa ń bi í, ńṣe ló máa ń wolẹ̀. Mú un lọ sílé ná. Bó bá ti lè sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹni tí kì í ṣe ìwọ, mú un padà wá. A, B, D ò le, àwa la máa kọ́ ọ."

Mo sunkún délé, torí iṣẹ́ mi ni mo ń rò. Ìyá ẹlẹ́ja ló rí mi. "Ìyàwó, fi í tì mí. Ṣebí ojú mi náà ló ti ń ṣeré?"

Lójoojúmọ́ ni mo ń sáré wálé lọ́sàn-án, ọmọ á sì ti máa dúró dè mí pẹ̀lú ìtọ̀ tó pa mọ́ra. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kékeré: "Ìyá, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Obìnrin náà ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí ilé-ìwé tún wọlé, mo mú un padà. Kò tíì tó aago méjìlá tí fóònù mi fi dún. Àǹtí ni. "Mádàámù, ó ti sọ o! Ẹ̀ẹ̀mejì!" Mo gbé orí lé tábìlì ọ́fíìsì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ fún.

Àbúrò ọmọ mi yìí kò tilẹ̀ tíì tó ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí mo mú un lọ sílé-ìwé, torí kò sí ẹni tí òun kò lè fi ẹjọ́ sùn. Àwọn ìyá ọmọ ṣì máa ń bi mí pé ọdún mélòó ló dára jù. N kì í ka ọdún fún wọn. Mo máa ń bi wọ́n pé, bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ta ni ọmọ yín lè sọ fún pé nǹkan ń dun òun?