Dádì mi di àlejò nínú igbó ẹ̀gbọ́n wọn

Ẹ má bínú pé mo ń da yín láàmú. Inú ló ń bí mi.

Dádì mi, ọmọ ọdẹ, fẹ́ lọ ṣọdẹ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn ní Amẹ́ríkà. Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Rye Lane nílùú òyìnbó níbí, mo bá wọn pe ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ ọdẹ ní Amẹ́ríkà.

Obìnrin kan ní, "Owó ìwé àṣẹ fún àlejò tí kì í gbé ìpínlẹ̀ yìí ti di ìlọ́po méjì. Ti onílé ò yí padà."

Ìrẹ́jẹ wo nìyí! Ṣé ẹranko mọ ẹni tó jẹ́ àlejò ni?

Dádì ní, "Sọ fún un pé nílé wa, itan ẹran kan ni àlejò ń fún olórí ọdẹ. Màá fún wọn ní méjì!"

Ojú tì mí, mi ò sọ ọ́. Mo purọ́ fún Dádì pé obìnrin náà máa bi ọ̀gá rẹ̀.

Dádì ti ń fi ìdùnnú pe ẹ̀gbọ́n wọn báyìí pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí Dádì pé mo purọ́.