Aago Tí Mi Ò Bọ́

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ lẹ́nu ayọ́ọ̀nù tí a fi ń jó wáyà pọ̀, etí àbúrò mi ni mo máa ń rántí. O mọ bí òórùn yẹn ṣe máa ń gba gbogbo ọjà Àlàbá kan. Ṣọ́ọ̀bù kan náà lèmi àti àbúrò mi jọ wà, à ń tún anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ṣe. Lọ́jọ́ tó ṣèèṣì jó bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ oníbàárà, mo fi wáyà nà án títí tó fi ṣubú, mo wá ń fi bàtà gbá a létí. Ẹ̀jẹ̀ ta sára anpilifáyà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì ló fà mí kúrò. Ọ̀kan nínú wọn na aago ọwọ́ mi sí mi. "Gba aago ẹ, ọ̀gá ológun. Ọmọ ìyá ẹ lo fẹ́ pa." Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ ọ. Etí ọ̀tún àbúrò mi ò gbọ́ràn mọ́.

Ìyá wa ò sunkún. "Bàbá rẹ gan-an lo dà," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú mi lọ sí Ìbà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú àwọn tọ́kàn wọn gbọgbẹ́. Mo rò pé obìnrin náà máa wàásù fún mi ni. Rárá o. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀. "Bí ìbínú bá ń ru bọ̀, jáde. Ṣùgbọ́n kí o padà wá o."

Gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé kí ló dé. Ohun tí obìnrin yẹn bi mí ni pé, kí bàbá mi tó nà wá, kí lọwọ́ wọn kọ́kọ́ ń ṣe?

"Wọ́n máa ń bọ́ aago."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Mo wolẹ̀. Aago mi ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ju gíláàsì omi wọn mọ́ ògiri, ó fọ́ yángá, mo sì jáde. Mo rìn débi tí ọ̀nà Òkókómáìkò ti yà kí àyà mi tó rọ̀. Nígbà tí mo padà, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, wọ́n sì jókòó síbi tí mo fi wọ́n sí. Wọ́n nawọ́ ìgbálẹ̀ sí mi. "Káàbọ̀. Gbá a, ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ."

Nígbà tó yá, àbúrò mi tún jó bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi lọ sídìí aago. Mo fi í sílẹ̀ láìbọ́ ọ, mo jáde, mo dúró sínú oòrùn. Nígbà tí mo wọlé, abẹ́ tábìlì ni mo bá a, ó fọwọ́ bo etí òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan èyí. Òun ló kù."

Mo lóṣòó jìnnà díẹ̀ sí i. Kó tó wojú mi, ọrùn ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò. Àṣé ó ti mọ̀ tipẹ́ pé bí mo bá ti bọ́ aago, nínà ló kàn.

Bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn: á wo aago mi kó tó kí mi. Mi ò bínú sí i, èmi ni mo kọ́ ọ. Mò ń dúró dè é ni, bí obìnrin yẹn ṣe dúró dè mí, títí ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ wojú mi.