Ẹ̀rí Tí Kò Tíì Pé

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo dúró níwájú gbọ̀ngàn wa ní Alápẹ̀rẹ̀, mo kígbe pé "Ẹ yin Olúwa!", àga ló dá mi lóhùn. Fáànù ló fẹ́ ìwé orin kan bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn, ó ró pà, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Halelúyà. Ẹni tó wà nínú ilé yàtọ̀ sí èmi kò ju ọkùnrin kan tó wá fi iná wa ṣáàjì fóònù. Nígbà tí fóònù rẹ̀ kún, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run túbọ̀ máa lò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Akọ̀wé ẹ̀ka ni orúkọ iṣẹ́ mi ní Ẹgbẹ́ Àtùpà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ tí àwọn àgbà láti oríṣiríṣi ìjọ ní Kétu dá sílẹ̀ kí n tó débẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní akọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ ló kéré jù nínú ohun tí mò ń ṣe. Èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn, èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀, èmi náà ni mò ń la ìjà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, "Sister Bíọ́lá" ni wọ́n ń pè mí. Ó di "Aunty". Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Mummy". Mo kọ́kọ́ bínú, ẹ̀yìn náà ni mo ń jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé wa, Àkókò Ẹ̀rí sì ni ọkàn ìpàdé náà. Ẹni tó bá mọ ilé ìsìn mọ bí a ṣe ń jẹ́rìí. O dìde, o ní "Ẹ yin Olúwa", o ròyìn ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ọ, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, o jókòó. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri: ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti já sí ayọ̀. A kì í jẹ́rìí ibà tó ṣì wà lára. Wàá dúró kó kọ́kọ́ lọ ná. Alága ìgbìmọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Daddy Alága, tún fi tiwọn kún un pé ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí kan lóṣù, ó kéré tán. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Daddy, wọ́n sì gbà pé ọ̀run náà ní láti máa fi ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ lóṣooṣù.

Àwọn ọmọ kúkú gbọ́n. Ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ọmọbìnrin kan jẹ́rìí pé òun já bọ́ nínú Márúwá, òun ò sì fara pa. Lóṣù kejì, ó tún já bọ́. Nígbà tó tún já bọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kò ní dáa kó o kúkú máa fẹsẹ̀ rìn?"

Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ dùn jù lọ ni Dàpọ̀. Ọmọ Ṣakí ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòsì ló ń gbé, ó ti parí ẹ̀kọ́ poli, ó ń wáṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó dìde pé òun ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Island, pé AC ibẹ̀ tutù débi pé òun ní láti ra súwẹ́tà. A jó lọ́jọ́ náà. Daddy Alága bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní irú ẹ̀rí báyìí ni Ẹgbẹ́ Àtùpà wà fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dàpọ̀ pa ìpàdé tì. Mo rò pé ọ̀nà Island ló jìn.

Kì í ṣe òun nìkan ló pa á tì. Wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Mo ń pàdé wọn lọ́nà, mò ń bi wọ́n léèrè. Àwọn kan ní ilé ìsìn ti sú àwọn. Àwọn mìíràn ní àwọn ò ṣe ẹ̀sìn kankan mọ́, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n tún bi mí nípa àwọn ará ilé mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò bínú. Ẹni tó ń bínú sí ọ ṣì ń ro tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìgbìmọ̀. Daddy Alága pè mí, wọ́n ní, "Bíọ́lá, mo máa wá fúnra mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù. Tí mi ò bá rí ọ̀dọ́ tó kún gbọ̀ngàn, tí mi ò sì gbọ́ ẹ̀rí, a máa gbé ilé yẹn fún ọkùnrin tó ń yá àwọn èèyàn ní kánópì. Ó ti ní òun fẹ́ ẹ, kó lè rí ibi kó ẹrù òun sí."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Inú gbọ̀ngàn yẹn ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Mo mọ àga tó ń mì, mo mọ fèrèsé tí òjò ń gbà wọlé. Mi ò lè fojú inú wo irin kánópì níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọrin. Ni mo bá ṣe ohun tí olóṣèlú máa ń ṣe: mo lọ háyà èrò. Ọ̀rẹ́ mi kan ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní Mende, ó ṣèlérí pé òun á kó gbogbo wọn wá, tẹ̀rítẹ̀rí.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni mo lọ sí ọjà Mile 12. Èmi àti àwọn aládùúgbò mi máa ń dáwó ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì, a ó wá pín in nílé. Mo ti ra tiwa, mo ń wá ẹni tó máa bá mi fi ọmọlanke tì í dé ẹ̀bá títì. Ọ̀kan ń bọ̀, ó ń pariwo, "Àgò o! Àgò lọ́nà!" Bó ṣe rí mi, ó fi ọmọlanke sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó bẹ́ sẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tò jọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti ọmọ yìí ò tiẹ̀ sá jìnnà rárá, Mile 12 ló dúró sí.

"Dàpọ̀!"

Apẹ̀rẹ̀ ò dáhùn.

"Dàpọ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ o."

Ó yọjú díẹ̀díẹ̀. "Ẹ káàsán, Aunty."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé òtútù AC yẹn ló lé ẹ wá síbí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kún fún omi. "Aunty, kò sí Island kankan. Wọ́n pè mí fún interview, wọ́n ní àwọn á tún pè mí. Mo rò pé wọ́n máa pè kó tó di Friday. Ọ̀rọ̀ sì ti kàn mí láti jẹ́rìí."

"Kí ló dé tó ò kàn sọ fún wa?"

"Níbo, Aunty? Ṣé kí n dìde ní Àkókò Ẹ̀rí kí n ní, 'Ẹ yin Olúwa, wọn ò pè mí mọ́'? Halelúyà wo lẹ máa dáhùn?"

Ariwo ọjà yẹn pọ̀, gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Mo fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì mi hàn án.

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ mi sórí ọmọlanke, ó ń tì í, mo ń tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà ló ti sọ fún mi pé bí àwọn bá ti ṣíwọ́ lójoojúmọ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń jókòó sí ìsọ̀ Rìsì, ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ta rodo. Kálukú á sọ bí ọjọ́ òun ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ sunkún á sunkún, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ara rẹ̀ á sì yá. Mo gbọ́ ọ, ojú tì mí, mo sì jowú wọn. Ohun tí mo ti ń fi àga àti fáànù wá láti ọjọ́ yìí, wọ́n ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rodo.

Mo ní, "Tí mo bá ní kí ẹ wá máa sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ńkọ́?"

"Aunty, gbogbo wọn kọ́ ni Christian o. Òmíì ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan."

"Ṣé mo bi ẹ́ ní ìyẹn ni?"

Ó ní, "Fáànù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"A máa wá."

Mo délé, mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Mende pé kó má kó ẹnikẹ́ni wá mọ́. Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì náà dé. Daddy Alága wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí sítáàṣì mú le gan-an, wọ́n jókòó síwájú. Dàpọ̀ àti àwọn tirẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ wa àtijọ́ kan tó ti gbọ́ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀ náà yọjú. Rìsì wọlé ti òun ti òórùn rodo, Daddy sì sín.

Wọ́n nu imú, wọ́n bi í pé, "Ọmọbìnrin, ìjọ wo lo ti wá?"

Rìsì kúnlẹ̀. "Mùsùlùmí ni mí, sà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Daddy wò mí. Èmi ń wo fáànù.

Mo dìde. Mo ní, "Lónìí, ẹ̀rí tí kò tíì pé la fẹ́ jẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì já sí ayọ̀, òun la fẹ́ gbọ́. A máa dáhùn Halelúyà fún òun náà."

Mo gbọ́ tí àga Daddy ń dún. Nígbà náà ni Dàpọ̀ dìde.

"Ẹ yin Olúwa," ó ní. "Mi ò níṣẹ́ ní Island. Ọmọlanke ni mò ń tì ní Mile 12. Mo purọ́ fún yín níbí, ẹ jó, mo sì lọ sílé lọ sunkún."

Rìsì, tí kò mọ òfin wa, tó kàn mọ̀ pé wọ́n ní ká máa dáhùn, pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Halelúyà!" Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Nígbà tí ẹ̀rín máa tán, ẹlòmíràn ti dìde, ẹlòmíràn sì ń dúró dè é. Ọmọbìnrin tó ń já bọ́ nínú Márúwá náà jẹ́wọ́ pé òun ò já bọ́ rí. Ọmọkùnrin kan ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì gbàgbọ́, ṣùgbọ́n orin wa ń ṣe òun lóore, ṣé òun lè máa wá? Mo ní kó máa bọ̀. Omi ti bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ parí ìpàdé, Daddy Alága dìde. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ó parí, kánópì ti dé. Wọ́n ṣí fìlà.

"Gbogbo yín mọ ọmọ mi tó wà ní Kánádà."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní gbogbo àjọ̀dún ni Daddy máa ń jẹ́rìí pé ó ń kọrin ní ìjọ wọn lọ́hùn-ún.

"Kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ti pẹ́. Ó ní tí mo bá tún bi òun léèrè ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun á gé fóònù. Mo tún bi í. Ó gé e." Ohùn wọn ti yí padà. "Tí mo bá yọ ṣọ́ọ̀ṣì kúrò, mi ò mọ ohun tí mo lè bá a sọ."

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn Halelúyà sí ìyẹn. Rìsì ló nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Daddy, ẹ bi í pé kí ló jẹ."

"Kí ni?"

"Kí ló jẹ. Ohun tí màmá mi máa ń bi mí nìyẹn tá a bá ti jà. Bó ti wù kí n bínú tó, mi ò lè ṣe kí n má dáhùn."

Daddy dé fìlà wọn, wọ́n jáde láìsọ ọ̀rọ̀ kan nípa gbọ̀ngàn.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mò ń gbá ilé náà bí ẹni tó ń dágbére fún un. Mò ń bi ara mi léèrè ohun tí Ẹgbẹ́ Àtùpà wà fún ní irú ìgbà tí a wà yìí. Mi ò rí èsì gidi kan, àfi pé àtùpà kì í ṣe fún ẹni tó ti délé. Ẹni tó ṣì ń bẹ lọ́nà là ń tàn án fún. Mo gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, a ti bẹ̀rẹ̀ orin nígbà tí Daddy Alága wọlé, láìsí ìgbìmọ̀ kankan lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n ṣe kọjá lára mi, wọ́n rọra ní, "Sọ fún oníkánópì yẹn kó wá ibòmíì." Wọn ò jókòó. Orí ìdúró níbẹ̀ ni wọ́n wà títí orin fi parí, wọ́n gbójú wá Rìsì láàárín èrò, wọ́n sì rí i.

"Ẹ yin Olúwa," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rí mi ò tíì pé o."

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ṣùgbọ́n ọmọ mi jẹ ẹ̀wà. Ó ní ó jóná díẹ̀."